Ahun, Àpà àti Ìyá tí Kò Tíì Jẹun

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ahun àti àpà ti wà lára orí-ọ̀rọ̀ àròkọ alárìíyànjiyàn tí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá kó ìwé wọn jọ, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ máa ń rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbè sẹ́yìn ahun yóò ní ẹni tí ó bá ń ṣọ́ owó ná ni yóò rí owó lò ní ọjọ́ alẹ́. Èyí tí ó gbè sẹ́yìn àpà yóò ní kò sí ẹni tí ń gbé owó lọ sí ọ̀run. Olùkọ́ a fún oníkálukú ní máàkì bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn lẹ́nu rẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ a sì tán síbẹ̀. Ohun kan wà tí tọ̀tún tòsì máa ń gbà láìjiyàn, ohun náà ni pé owó wà nílẹ̀. Ahun ní owó, kò fẹ́ ná an. Àpà ní owó, ó ń ná an ní ìnákúnàá. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó ohun tí ilé yóò jẹ kò sí nínú àríyànjiyàn náà rárá, bẹ́ẹ̀ ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òun gan-an ni ìyá akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ ọ́.

Bí a bá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ìbéèrè yóò yí padà. Nígbà tí oúnjẹ kò bá lè yó gbogbo ilé, kí ni ó ya ẹni tí ń fi ìwọ̀n bu oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ahun? Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ náà hàn. Ìyá tí ó ń ka ẹran sínú ọbẹ̀, tí ó ń yára dé ìkòkò nígbà tí ó bá gbọ́ ohùn àlejò, tí ó ń sọ fún ọmọ pé èyí tí ó jẹ ti tó, ohun tí ahun ń ṣe gẹ́lẹ́ ni òun náà ń ṣe. Bí a bá fi ìṣe nìkan dá wọn lẹ́jọ́, ẹ̀bi kan náà ni wọn yóò jẹ. Síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá tí ọkàn rẹ̀ yóò gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Ìgàndò, ní Alímọ̀ṣọ́, kí ó má baà jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ ni a ti ń rò ó. Ilẹ̀ Àwórì ni Ìgàndò, ó sì wà lójú ọ̀nà tí ó ti ẹ̀bá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ lọ sí Ìṣẹrí. Ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n fi orúkọ Alímọ̀ṣọ́ pè wà níbẹ̀. Ààtàn ńlá Solous, tí wọ́n ti ń da pàǹtí Èkó sí láti ìgbà pípẹ́, kò jìnnà sí i. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tí wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ lé ní 1,200,000, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí èrò rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkànìyàn náà. Ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ àdúgbò yìí ni ó jẹ́ oko nígbà kan. Lónìí, ọkọ̀ ni ó ń kó oúnjẹ wá fún àwọn tí ń gbé orí ilẹ̀ oko náà. Ata àti tòmátì yóò ti Òkè Ọya wá sí Máìlì 12, yóò ti ibẹ̀ dé Ìkòtún, kí ó tó dé orí àtẹ ní Ìgàndò. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ọ̀rọ̀ náà kò dúró sí ilé epo. Orí àtẹ aláta ni ó gbà lọ. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti dá, náírà sì já wálẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ètò ìṣirò jábọ̀ pé oúnjẹ ti fi ohun tí ó lé ní 40 nínú 100 gbówó lórí láàárín ọdún kan péré.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi ibi tí bàtà ti ń ta ìyá ilé lẹ́sẹ̀ hàn. Ní oṣù keje ọdún 2024 ni 70,000 náírà di owó-oṣù tí ó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde 85,000 náírà fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ń bu kún ọ̀rọ̀. Bí a bá pín 85,000 sí ọgbọ̀n ọjọ́, 2,833 náírà ni ó kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ìdílé bá jẹ́ ẹni márùn-ún, tí oníkálukú sì ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, àwo oúnjẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìyá yóò bù lójúmọ́. Owó tí ó kan àwo kan kò pé 190 náírà. A kò tíì yọ owó ilé kúrò, a kò tíì yọ owó ọkọ̀, owó gáàsì, owó iná àti owó ìwé ọmọ. A kò sì tíì rántí pé ọ̀pọ̀ àwọn ará Ìgàndò kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Bíríkìlà ni wọ́n, télọ̀ ni wọ́n, ọlọ́jà ni wọ́n, awakọ̀ ni wọ́n; ìparí oṣù kò mú nǹkan kan wá fún wọn ju kí onílé kàn wọ́n lára lọ.

Ìmọ̀ràn pọ̀ fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Wọn a ní kí wọ́n máa ra ọjà lọ́pọ̀ nítorí pé ó ń dín owó kù. Òtítọ́ ni. Ẹni tí ó ra àpò ìrẹsì kan jẹ ẹ́ ní ẹ̀dínwó ju ẹni tí ń ra dérìkà kan lójúmọ́ lọ. (Dérìkà, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, agolo tòmátì ni, orúkọ tòmátì tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó di orúkọ òṣùwọ̀n.) Ẹni tí ó ra òróró oníke ńlá jèrè ju ẹni tí ń ra èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ pé owó òòjọ́ ni ó ń wọlé fún un, níbo ni yóò ti rí owó oṣù kan tí yóò fi ra oúnjẹ oṣù kan? Mílíìkì inú ọ̀rá, tòmátì inú ọ̀rá, mágì ẹyọ kan, ṣúgà ẹ̀kún ọwọ́: gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n gé wẹ́wẹ́ kí ó lè ṣe déédéé ọwọ́ tálákà, tálákà náà ni ó sì ń san owó gígé rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni ó ń ra nǹkan gbówó jù. Bí a bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹni tí kò mọ owó ná, ẹ̀bi ọjà ni a gbé kọ́ ọ lọ́rùn.

Ní ti òye, kò ṣaláìní in. Ó mọ̀ pé bí òun bá rẹ ẹ̀wà sómi ní alẹ́, gáàsì tí yóò sè é ní òwúrọ̀ yóò dínkù. Ó mọ wákàtí tí aláta máa ń fẹ́ palẹ̀ mọ́, tí yóò fi tòmátì tí ó ti ń rọ̀ sílẹ̀ ní ohunkóhun tí a bá fún un. Ó mọ iye tí ata fi dínwó ní Ìkòtún sí ti Ìgàndò, ó sì mọ̀ pé bí òun bá yọ owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ kúrò, ẹ̀dínwó náà lè di òfo, àfi bí òun àti aládùúgbò bá jọ rán ẹnì kan ṣoṣo. Kò sí ilé-ìwé tí ó ti kọ́ ìṣirò yìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ tí ó kọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé ni kò ní lè ṣe é.

Òṣùwọ̀n ọjà tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ó níbi tí wọ́n ti máa ń fi òòlù lu ìdí kọ́ńgò wọnú, tàbí kí wọ́n tẹ ẹ̀gbẹ́ dérìkà mọ́ra, tí ojú rẹ̀ yóò sì dà bí ojú òṣùwọ̀n pípé. Ìwà burúkú ni, kò sì sí ẹ̀sìn kan ní Ìgàndò tí ó fọwọ́ sí i: Súrà 83 nínú Kùránì dá irú àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù lẹ́bi, orí 11 nínú Ìwé Òwe sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n èké. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi ìdàkejì rẹ̀ wé e kí a tó lè rí bí ó ti burú tó. Ìdàkejì náà ni èènì. Ọlọ́jà a wọn ọjà tán, ìwọ̀n a sì pé. Síbẹ̀ a tún na ọwọ́, a bu díẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tí ó lè fi èènì pe ẹjọ́, nítorí kò sí nínú owó tí oníbàárà san. Ohun tí èènì ń sọ ni pé ìwọ̀n ti pé láàárín ọjà àti owó, ṣùgbọ́n kò tíì pé láàárín èèyàn àti èèyàn. Nígbà tí nǹkan bá le, èènì ni ó máa ń kọ́kọ́ kú ní ọjà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdí kọ́ńgò tó ń yíhùn wọnú. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn ìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá fi ìyẹn ṣe àmì.

Síbẹ̀ kò yẹ kí a fi ojú ọ̀daràn wo gbogbo ọlọ́jà. Ìyá ilé ni òun náà, ó ní àwo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tirẹ̀ láti bù. Èkó ti ní ìrírí èyí rí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba amúnisìn dá iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ta oúnjẹ lé e lórí, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Pullen ni wọ́n sì fi ṣe alábòójútó ètò náà. Alímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà, olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, ṣíwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti tako ètò yìí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé iye tí ìjọba dá kò tó èyí tí àwọn fi ra ọjà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Gàrí bá kúrò lójú àtẹ, ó bọ́ sí kọ̀rọ̀, owó tí wọ́n ń tà á ní kọ̀rọ̀ sì ju ti àtijọ́ lọ. Ní ọdún 1945 ni wọ́n tó pa ètò náà tì. Oṣù kẹfà ọdún kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé owó-iṣẹ́ wọn kò ká ọjà mọ́. Oníbàárà ń ráhùn, ọlọ́jà ń ráhùn, òtítọ́ ni àwọn méjèèjì sì ń sọ. Ẹni tí ó ń dá iye lé gàrí nìkan ni kò ráhùn, nítorí kì í ṣe gàrí ni ó ń jẹ.

Láti ọjà, ẹ jẹ́ kí a wá wọ ilé ìdáná, ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ gbé wà. Ọbẹ̀ ti jinná. Ẹja kótè méjì ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n gé e sí mẹ́fà. Baba ni ìyá kọ́kọ́ bù fún, ègé méjì ni tirẹ̀. Ọmọkùnrin tí ó ti ń bàlágà tẹ̀ lé e, òun náà gba méjì, nítorí pé ọmọkùnrin ni. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì pín méjì tí ó kù. Ìyá a ní òun kò tíì fẹ́ jẹun, tàbí pé òun ti fi nǹkan panu ní ọ̀nà ọjà. Nígbà tí gbogbo wọ́n bá tán, a bu omi gbígbóná díẹ̀ sí ìdí ìkòkò, a rò ó pọ̀, a sì fi ẹ̀bà tí ó ṣẹ́kù kó o. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè ohun tí ó fi panu ní ọ̀nà ọjà.

Ibí yìí ni a ti lè kọ́kọ́ rí ohun tí a ń wá. Ara ẹlòmíràn ni ahun ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Ara tirẹ̀ ni ìyá yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ahun kò fún ẹlòmíràn kí ó lè kù fún un. Ìyá kò jẹ kí ó lè kù fún ẹlòmíràn. Ọwọ́ tí ń bu nǹkan kéré lè jọra, ṣùgbọ́n ibi tí ìyókù ń lọ kò jọra. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé a ti rí amọ̀wọ̀n, kí a sì máa yìn ín lọ. Àìmọye àròkọ ni ó ti parí síbẹ̀, wọ́n sì gba máàkì tí ó dára.

Ṣùgbọ́n ìyìn yẹn rọrùn jù. Ẹ rántí ìtàn Ajá àti Ìjàpá nígbà tí ìyàn mú, èyí tí kò sí ọmọ tí wọn kò pa á fún. Ebi pa àwọn ẹranko dé góńgó, wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé kí oníkálukú mú ìyá rẹ̀ wá, kí wọ́n máa pa wọ́n jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ajá nìkan ni ó gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run. Àwọn tí ń pa ìtàn náà máa ń sáré kọjá lọ sórí okùn, orin àti ìṣubú Ìjàpá, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà. Ìpàdé àwọn ẹranko gan-an ni ó yẹ kí á dúró tì. Kò sí ẹni tí ó dábàá níbẹ̀ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí ó sanra jù, tàbí pé kí wọ́n dìbò. Wọn kò pe àwọn ìyá sí ìpàdé. Nígbà tí gbogbo wọn sì jáde, wọ́n pe ohun tí wọ́n ṣe ní àjọsọ, bí ẹni pé gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó wà níjókòó. Ohun tí ìtàn náà mọ̀ nípa ìyàn ju ohun tí a ń fi kọ́ ọmọdé lọ: ó mọ̀ pé nígbà tí oúnjẹ bá tán, ẹni tí ó ń fún ni lóúnjẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Ní ilé ìdáná tí a ṣàpèjúwe yìí, kò sí ẹni tí ó ṣe ìpàdé kankan. Ìyá ni ó fúnra rẹ̀ yọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ìfẹ́ ni ó sì mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yàtọ̀ gidigidi sí ti inú ìtàn. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá ń gorí oṣù tí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé sì ń yọ ara rẹ̀ sílẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó sọ pé ó tó, ibo ni ìyàtọ̀ náà yóò wà ní òpin ọdún? Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru ẹrù rẹ̀ délé. Àwọn ọmọdé ni a sábà máa ń rò pé òwe náà ń gbèjà. Ìyàwó tí ó bu oúnjẹ náà wà lẹ́yìn baba tí ń jẹun, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ti wà níbẹ̀. Ó yẹ kí ojú baba tí ń wẹ̀yìn dé ọ̀dọ̀ òun náà.

Irọ́ tí ìyá pa, pé òun ti jẹun, ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò jù. Kò sí onídàájọ́ kan tí yóò fi irọ́ yẹn dá a lẹ́bi, bí ẹnikẹ́ni bá sì dá a lẹ́bi, kò mọ ebi. Síbẹ̀ irọ́ náà ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Ó ń sọ fún baba pé owó oúnjẹ tí ó fi sílẹ̀ tó. Nítorí náà iye tí ó ń fi sílẹ̀ ní ọdún 2022 ni ó ṣì ń fi sílẹ̀ ní ọdún 2024, tí ó sì ń bínú pé ọbẹ̀ ti ń ṣàn. Ó ń sọ fún ọmọkùnrin pé ègé ẹja méjì ni ìpín tirẹ̀ ní ayé. Ó ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin pé bí àwọn náà bá di ìyá, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Gbogbo ilé jẹun lórí ìṣirò tí kò pé, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì mọ̀ pé kò pé. Bí ahun bá fi oúnjẹ pamọ́ fún ilé, ìyá yìí fi àìtó oúnjẹ pamọ́ fún wọn. Èrò rere ni tirẹ̀, èrò búburú ni ti ahun, ṣùgbọ́n nínú ilé méjèèjì, wọ́n gba agbára àtipín nǹkan dọ́gba lọ́wọ́ àwọn yòókù, nítorí kò sí ẹni tí ó lè pín ohun tí kò mọ iye rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kò yẹ kí a gbé ẹrù àgbà ru ọmọdé. Wọ́n jàre ní ti ọmọ ọdún márùn-ún, tí yóò máa sunkún nítorí ohun tí kò lè ṣe nǹkan kan sí. Ọmọ ọdún méjìlá yàtọ̀. Bí a bá sọ fún un pé ègé mẹ́fà ni ẹja, pé ẹni márùn-ún ni àwọn, kí òun wá sọ bí yóò ti pín in, ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ fún ara rẹ̀ ní méjì. Kò burú. Ẹni tí ó ń wò ó ni yóò kọ́ ọ ní ìyókù. Ní ti baba, kò sí àwáwí kankan fún un. Bàbá tí ó bá ní ọ̀rọ̀ ọjà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin, tí kò mọ iye tí kọ́ńgò gàrí kan jẹ́, ti yan àìmọ̀ nítorí pé àìmọ̀ náà dínwó.

Ọ̀rọ̀ àlejò kò tó báyìí le, nítorí àṣà ti bá wa yanjú ìlàjì rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń jẹun yóò ní, “Ẹ wá jẹun o.” Ẹni tí ó bá a lórí oúnjẹ yóò ní, “Ó á gba ibi ire.” Àwọn àjèjì máa ń rò pé ẹ̀tàn ni, pé ẹni tí ó pè kò fẹ́ kí ẹni tí ó pè wá. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Olóúnjẹ fi hàn pé òun kì í ṣe ahun, àlejò fi hàn pé òun mọ̀ pé oúnjẹ ní ìwọ̀n, ó sì fi àdúrà rọ́pò òkèlè. Iyì àwọn méjèèjì dúró, ìkòkò sì dúró. Ọmọ aládùúgbò ni ìṣòro, ní ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, nítorí ọmọ kò mọ̀ ju pé òun ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Bí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyá yóò bu òkèlè kan fún un tàbí kí ó ti ìlẹ̀kùn. Àwọn tí ń fi ìlẹ̀kùn títì dá a lẹ́jọ́ kò tíì bá a ka ègé ẹja rí. Ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ pé ohun kan bà jẹ́ nígbà tí òun ti ìlẹ̀kùn yẹn, ìmọ̀ náà ni ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ahun, tí kò mọ nǹkan kan.

Bí ilé ti rí ni ìlú rí. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn èèyàn tẹ ara wọn pa ní Yábàá níbi tí àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń ta ìrẹsì ní ẹ̀dínwó. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún náà, ọmọdé 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Baṣọ̀run, ní Ìbàdàn, níbi ayẹyẹ tí wọ́n ti fẹ́ fún wọn ní ẹ̀bùn àti oúnjẹ. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń sọ pé ojúkòkòrò àwọn òbí ni ó fà á. Ẹni tí ó ti jẹun àárọ̀ ni ó máa ń mọ ìyàtọ̀ àárín ojúkòkòrò àti ebi dáadáa lẹ́nu. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 kan náà, Ìpínlẹ̀ Èkó dá ọjà “Oúnjẹ Èkó” sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yọ 25 nínú 100 kúrò lórí iye oúnjẹ ní ọjọ́ Àìkú. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àìkú kò lè jẹ ẹ̀dínwó kankan, bí ẹni tí kò lè ra àpò kò ti lè jẹ èrè àpò.

Èrè àpò yìí ni àwọn obìnrin àdúgbò ti ń wá ọ̀nà sí fúnra wọn. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. William Bascom kọ̀wé lórí èsúsú Yorùbá ní ọdún 1952, ó sì fi hàn bí àwọn tí owó ọwọ́ oníkálukú wọn kéré ti ń kó o jọ di owó ńlá fún ẹnì kan ní àsìkò kan. Èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó ni pé ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò dá owó, wọn yóò ra àpò ìrẹsì tàbí ẹ̀wà kan, wọn yóò sì pín in ní ojú gbogbo wọn. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Nínú irú àjọ yìí, oníkálukú ti mú tirẹ̀ wá. Òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n ń lò, oníkálukú ni ó sì ti wo ìdí rẹ̀. Wọn a bù, wọn a ka á sókè, wọn a fi ọwọ́ gé orí rẹ̀ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí ẹni tí ó ń pa irọ́ pé òun ti jẹun níbẹ̀, nítorí gbogbo wọn ni ó mọ iye tí ó wà nílẹ̀.

Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí pínpín má ṣe déédéé. Wọn a pín in tán, dérìkà kan tàbí kí ó má tilẹ̀ kún a ṣẹ́ kù sí ìdí àpò. Èyí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, kò sì tó pín. Ẹnì kan lè ní kí wọ́n fún ẹni tí ó lọ rà á ní ọjà, nítorí òun ni ó ru ú. Ẹlòmíràn lè ní kí wọ́n fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó sì lè jẹ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ jù ni yóò dákẹ́, tí kò ní fẹ́ dárúkọ ara rẹ̀, tí àwọn yòókù yóò sì yí ojú sí i. Àríyànjiyàn orí dérìkà kan yìí lè pẹ́ ju pínpín gbogbo àpò lọ, àwọn ọmọ a sì dúró yí wọn ká, wọn a máa gbọ́ ọ.